Bí Bàbá Alájọ Bá Pòórá: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Ìtàn Tó Yẹ Kí Ẹ Máa Kọ

Ìwé títò ni iṣẹ́ mi ní Ṣómólú. Ẹni tó bá kọ ìtàn tó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e wá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ̀wé tó kún àdúgbò wa. Mo máa kà á, mo máa fi àmì ohùn sí i, mo máa tò ó sójú ewé bó ṣe yẹ. Ìṣòro kan náà ni mo sì ń bá pàdé nínú ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èdè wọn já gaara, àwọn èèyàn inú ìtàn wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ aráyé ṣe ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ èmi tí mò ń kà á á ka ogún ojú ewé láìmọ ohun tí wọ́n ní kí n máa retí.

Ọmọkùnrin kan gbé irú ẹ̀ wá. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, òkú wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ànjọ̀nnú kan tún jáde látinú ọ̀sà lápá Makókó.

Mo bi í pé, "Irú ìtàn wo lèyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀, Àǹtí. Ẹni tó bá fẹ́ ìfẹ́ á rí ìfẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ìjà á rí ìjà."

"Èwo nínú ẹ̀ lo ń kọ tí o kì í mọ ìgbà tílẹ̀ ń ṣú?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní ibi tí ọlọ́pàá ti ń fọ̀rọ̀ wá ìyá olókùú lẹ́nu wò ni. Mo ní kó gbé ìyókù sílẹ̀, kó lọ kọ ìyẹn wá.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni pé irú ìtàn tí èèyàn bá mú, àdéhùn ló bá òǹkàwé ṣe. Ẹni tó ra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń dúró de ìgbà tó máa mọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ra ìtàn ìfẹ́ ń dúró láti mọ̀ bóyá àwọn méjì yìí á di ti ara wọn. Ẹni tó gbé ìtàn mérìíìrí dání fẹ́ rí ohun tí ojú ò rí rí. Ẹni tó ń ka ìtàn ayé àtijọ́ fẹ́ gbé nínú ọdún tí wọn ò tíì bí i. Bí ẹ bá mú òǹkàwé dúró de nǹkan kan, tí ẹ wá fi òmíràn lé e lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, inú ẹ̀ ò ní dùn, bó ti wù kí èdè yín dùn tó. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé irú ìtàn wo ló ń tà, ẹ bi ara yín léèrè pé: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú mi, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀? Ohun tí ọkàn yín bá kọ́kọ́ sáré lọ bá, ibẹ̀ ni ìtàn yín wà. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń hára gàgà láti mọ̀ lẹ lè mú kí ẹlòmíràn hára gàgà fún, láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ìgbẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí mo fi ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n nìyí.

Ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ ká lo ti àdúgbò mi. Bàbá Alájọ kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri láàárọ̀. Ó ń yà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn aránṣọ, àwọn fọkanáísà, títí dé Òyìngbò. Oníkálukú ló ní káàdì tó ní ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá dá 500 náírà lónìí, bàbá á sàmì sójú tòní lára káàdì ẹ̀, á tún sàmì sí èyí tó wà lọ́wọ́ òun náà. Bí oṣù bá parí, á kó owó fún oníkálukú, á yọ owó ọjọ́ kan péré fún ara ẹ̀. Iṣẹ́ iyì ni lọ́dọ̀ wa. Títí dòní, ọmọ tórí ẹ̀ bá pé, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, olóògbé Alphaeus Táíwò Olúnáíkè, tí wọ́n ní kì í gbàgbé iye tí ẹnikẹ́ni dá, láìwo ìwé. Èyí tó wà nínú ìtàn tiwa kì í ṣe òun o. Àfinúrò ni tiwa.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí Bàbá Alájọ tiwa san owó, kò wá. Wọ́n rí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òyìngbò. Báàgì tó ń kó káàdì sí ò sí níbẹ̀.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó kà síwájú. Kí ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé báyìí, kí ẹ má ṣe tún un ṣe. Ó lè jẹ́ "Ta ló mú un?" Ó lè jẹ́ "Ta ni kò ní lè sùn lóru yìí nítorí ẹ̀?" Ó lè jẹ́ "Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nìyí?" Ó lè jẹ́ "Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?" Ó sì lè jẹ́ ti ìyá tó ti gbọ́kàn lé owó náà fún owó ilé-ìwé ọmọ: "Kí ló máa ṣe lọ́la?" Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ síra pátápátá, iṣẹ́ tó wà nídìí wọn náà sì yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ "ta ló ṣe é"

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni tiyín. Ibi tí ìtàn máa parí sí lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ pinnu ẹni tó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é, àti nǹkan kan tó gbàgbé láti bò mọ́lẹ̀, kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ẹ̀rí síbi tí òǹkàwé ti máa rí i láìfura.

Ẹ padà sídìí káàdì àjọ yẹn. Ìyá Onírẹsì sọ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé láti ọjọ́ 27 lòun ò ti fojú kan Bàbá Alájọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ ẹ̀, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Àmì wà lójú ọjọ́ 28, ó tún wà lójú ọjọ́ 29. Báírò aláwọ̀ búlúù ni bàbá fi sàmì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àmì méjì ìkẹyìn yìí sì dúdú. Ta ló sàmì yẹn? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí ni pé kí wọ́n má ṣe fi báírò dúdú yẹn hàn lọ́jọ́ tó máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi sórí kejì, níbi tí ẹ ti ń ṣàpèjúwe ṣọ́ọ̀bù ìyá náà: ìkòkò ọbẹ̀, ìgò òróró, ike tí wọ́n ń kó ṣíbí sí, báírò dúdú kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìwé gbèsè. Kí òǹkàwé rí i, kó sì kọjá lára ẹ̀. Nígbà tó bá dé orí kẹsàn-án, á padà lọ wò ó, á rí i pé ẹ ò tan òun jẹ. Ìdùnnú tí irú òǹkàwé yìí ń wá nìyẹn.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe ń lọ pẹ̀lú. Abala 35 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú un. Ní Èkó, kóòtù ò lè jìnnà jùyẹn lọ. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú aránṣọ ẹ̀gbẹ́ Ìyá Onírẹsì, àkókò ò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá yín rárá. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, òfin yẹn yàtọ̀, ẹjọ́ náà sì lè kúrò ní àgọ́ àdúgbò kó di ti Pańtí ní Yábàá, níbi tí àwọn ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá wà. Ìmọ̀ kékeré bí èyí lè fún yín ní odindi orí ìwé kan. Oládèjọ Òkédìjí gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969: Lápàdé tó fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò sì sí ọ̀gá tó máa pè é padà. Bí òfin àti ìwé kíkọ àgọ́ ọlọ́pàá bá ń sú yín, ẹ ronú sí irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ìtàn yìí bá lára mu ni ẹni tó lè fi sùúrù to nǹkan. Bó bá jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ̀ lẹ ṣe ń kọ ọ́, tí ẹ kì í fẹ́ mọ ìgbẹ̀yìn ṣáájú, irú ìtàn yìí máa fìyà jẹ yín.

Bó bá jẹ́ "ta ni kò ní lè sùn"

Ẹ wo káàdì kan náà, àmì méjì kan náà. Opó ni Ìyá Onírẹsì. Ọjà ò tà lọ́jọ́ 28, kò tà lọ́jọ́ 29, ó sì ti ní kí Bàbá Alájọ máa kọjá lọ. Òun fúnra bàbá ló fi owó tiẹ̀ dí ojú méjì yẹn, ó fi báírò inú ìwé gbèsè ìyá náà sàmì nígbà tí ìyá yíjú sí oníbàárà. Ọjọ́ tí bàbá pòórá ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo káàdì ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí èyí bá dùn mọ́ ju ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ, ìtàn ìfẹ́ ló yẹ kó kọ, kó má sì tijú. Mo ń rí àwọn tó mọ ìfẹ́ kọ, tí wọ́n á wá máa fi òkú àti ìbọn bò ó mọ́lẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ìtàn ìfẹ́ ò níyì. Ó níyì. Ó sì le.

Ibi tó ti le ni ohun tó ń ya àwọn méjì náà. Ìdíwọ́ tí ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù lè yanjú kì í ṣe ìdíwọ́. Fóònù alágbèéká wọ ọwọ́ aráàlú ní Nàìjíríà láti 2001. Bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà sọnù, kí ẹnì kan dúró títí lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba láìmọ̀ pé èkejì ò ní wá, ẹ gbé ìtàn yín lọ sí ọdún tó ṣáájú ìyẹn. Bó bá jẹ́ tòní lẹ fẹ́ kọ, ẹ wá ohun tó lágbára: àwọn ẹbí ọkọ tó kú tí wọ́n ṣì ń gba owó ilé, ọmọbìnrin opó náà tí kò fẹ́ gbọ́, ẹ̀sìn méjì tó yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ìyá yẹn máa pàdánù nǹkan gidi bó bá tẹ̀ lé ọkàn ẹ̀.

Bó bá jẹ́ "kí ló máa ṣe lọ́la"

Àwọn tí ìbéèrè yìí máa ń wá sí lọ́kàn, ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ló ń pè wọ́n. Wọn ò nílò òkú tàbí ìgbéyàwó. Ohun tí wọ́n nílò ni ojú tó ń rí nǹkan. Èkó pàápàá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní èdè wa. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pè ní Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀, Akede Eko. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú díẹ̀díẹ̀. Àfinúrò ni, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà wá bíi pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tó fà á ni pé ohùn ẹni kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn ibi tí ará Èkó ń kọjá lójoojúmọ́. Bí irú èyí bá wù yín, ẹ lọ jókòó sí Òyìngbò láàárọ̀ kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan ibi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ ara wọn.

Bó bá jẹ́ "ṣé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn nìyí"

Ìtàn mérìíìrí ni. Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938 ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé inú igbó nìkan ni irú ìtàn yìí ń gbé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣómólú náà lè gbà á.

Ká ní kẹ̀kẹ́ Bàbá Alájọ dìde lóru láìsí ẹni tó gùn ún, ó sì ń yà lójúlé kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń yà láàárọ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, àmì á ti wà lára káàdì ẹni tó yà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyá Onírẹsì rí àmì ọjọ́ 28 àti 29, inú ẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń dá àjọ fún òun. Kò mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun báyìí ti kúrò ní náírà, ọjọ́ ayé ẹ̀ ni. Ní ìparí oṣù, wọ́n á kó ọjọ́ náà padà fún un, wọ́n á sì yọ ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àṣà alájọ.

Ẹ kíyè sí i pé òfin àjọ ò yí padà: ojú 31, ọjọ́ kan fún alájọ. Ohun tó ń gbé irú ìtàn yìí ró nìyẹn. Agbára tó bá wà nínú ìtàn gbọ́dọ̀ ní òfin, èèwọ̀ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ san nǹkan kan. Bí babaláwo bá kàn lè ṣe ohun gbogbo nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kò sí ohun tí òǹkàwé máa bẹ̀rù mọ́. Mo ti rí ìwé tí àkọ́kọ́ ẹ̀ mú mi lẹ́mìí, tí egbòogi kan ṣàdédé yanjú gbogbo ẹ̀ ní ojú ewé mẹ́ta ìkẹyìn. Ó dùn mí fún ẹni tó kọ ọ́, torí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Irú ìtàn yìí tún ń béèrè etí. Ó fẹ́ ọfọ̀, ó fẹ́ oríkì, ó fẹ́ gbólóhùn gígùn tó ń yí bírí. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí wọn ò ti ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó lọ gbọ́ àwọn tó ń sun ìjálá àti àwọn tó ń pe ẹkún ìyàwó, kó gbọ́ ọ títí tó fi máa mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe gé ọfọ̀ látinú ìwé ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ tiyín. Ó máa ń hàn.

Ìtàn abanilẹ́rù sún mọ́ ọn, àmọ́ ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé ẹni tó ń kà á ò fẹ́ mọ òfin náà tán. Ẹ fi apá kan pa mọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ "ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí"

Ẹ gbé Bàbá Alájọ lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ní oṣù kẹfà ọdún 1945. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí gbogbo nǹkan ti wọ́n nígbà ogun, owó iṣẹ́ ò sì tó jẹun. Michael Imoudu ni aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá ro ti alájọ tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ rélùwéè ni gbogbo oníbàárà ẹ̀. Owó ojúmọ́ dá. Àwọn tó ti dá sílẹ̀ ń béèrè tiwọn torí ọmọ ò rí jẹ. Òun náà sì ti yá àwọn oníṣu lówó, àwọn oníṣu ò rí ẹni ra iṣu. Nínú ìtàn yìí kò sí olè kankan, síbẹ̀ ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ rí i pé ọdún tí ẹ yàn ló ṣe ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe aṣọ àtijọ́ tí a kàn wọ̀ fún ìtàn òde òní. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ná: tọ́rọ́, sísì, ṣílè, pọ́ùn. Náírà ò dé títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà: afárá Carter ni wọ́n ń gbà wọ Èkó nígbà náà, wọn ò parí Third Mainland Bridge títí di 1990. Apá òsì ọ̀nà ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà kí wọ́n tó yí i sí ọ̀tún ní oṣù kẹrin 1972. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ lọ ṣí wò. Ilé Ìkópamọ́sí Orílẹ̀-èdè wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ọmọ àgbà tó gbé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta lásìkò náà sì ṣì ń rántí ohun tí òbí wọn sọ. Ẹ ka àwọn ìpolówó ọjà inú ìwé ìròyìn náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó wà lórí àtẹ àti iye tí wọ́n ń tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú ẹ̀ hàn, kí ìyókù dúró sórí yín.

Bí ìwádìí báyìí bá ń mú inú yín dùn, tí ẹ lè fi odindi ọjọ́ kan wá orúkọ àdúgbò kan, irú ìtàn yìí ti yàn yín. Bó bá jẹ́ pé ó ń sú yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìtàn ọjọ́ iwájú ńkọ́? Ọ̀nà ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú ayé tí a mọ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó bá já sí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe alájọ, tó sì mọ ẹni tí kò ní lè san kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, tó fún ìtàn kan. Ìtàn ọmọdé sì ń fẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀, kí àgbàlagbà má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kò tún gbọ́dọ̀ gùn. Nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìdìpọ̀ olójú ewé 16 ni a sábà máa ń ṣe ìwé sí, ìwé ọmọdé olójú ewé 32 sì tó o.

Ẹ kọ ojú ewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan

Bí ìbéèrè kan bá ti hàn gbangba, ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń jà sí èèyàn lọ́kàn. Ẹ kọ ojú ewé àkọ́kọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Ẹ kó wọn pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá padà dé, ẹ má ṣe wo èyí tó dùn jù ní kíkà. Ẹ wo èyí tí ẹ ti mọ gbólóhùn tó kàn láìronú, èyí tó jẹ́ pé nígbà tí ẹ wà nínú danfó lọ́nà Fádèyí, ẹ ti ń gbọ́ ohun tí Ìyá Onírẹsì máa fi dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé mẹ́ta tó jẹ́ irú èyí tí ẹ mú. Àwọn tó ń pàtẹ ìwé ní Yábàá àti lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ ka ìwé náà pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Ẹ sàmì sí ojú ewé tí ẹ ti kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kí ẹ máa retí, àti ibi tí ohun náà ti fẹ́ bọ́ sọnù. Bí ìwé mẹ́ta yẹn bá sú yín kí ẹ tó kà wọ́n tán, ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí kò lè gbádùn irú ìtàn kan gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé ò ní lè gbé ọdún kan àbọ̀ nídìí kíkọ ọ́.

Ní ti ọjà, mi ò ní sọ pé ká má wò ó. Àwa tí a ń tẹ̀wé mọ̀ pé owó bébà ò rọrùn. Ìtàn tí wọ́n ń kà lórí fóònù ní apá-apá bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìfẹ́ mu gan-an, torí wọ́n ṣeé gé síbi tó bá dùn. Ìtàn Sẹ̀gilọlá náà, apá-apá ni wọ́n kọ́kọ́ kà á. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń wá ìtàn tí wọ́n lè yà láàárín ilé méjì sí mẹ́ta, ìtàn 1945 sì máa ná wọn lówó. Ìwé tí wọ́n bá yàn fún ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣe ìdánwò WAEC máa ń tà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yàn án ló mọ ìgbà tí wọ́n máa yàn án. Ẹ fi ọjà mú ọ̀kan láàárín irú ìtàn méjì tó ń pè yín bákan náà. Kọjá ibẹ̀, ẹ má fi ṣe ìpinnu.

Bí ọ̀kan ò bá tó yín

Ẹ lè pò ó. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè ní ẹni tó ń fẹ́, ìtàn 1945 lè ní òkú nínú. Ṣùgbọ́n bó ṣe jẹ́ pé baálé kan ló ń wà nínú ilé, tí ìyókù jẹ́ àlejò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní ìtàn náà. Ọ̀nà láti mọ baálé ni pé kí ẹ wo ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìbéèrè wo lẹ ń dáhùn níbẹ̀? Òun náà ló gbọ́dọ̀ ti yọjú láwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọkùnrin oní-ànjọ̀nnú yẹn ṣe tún ìtàn ẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó fi ìfẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó dín in kù. Ànjọ̀nnú ló yọ kúrò, ó ní òun á kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti kọ orí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fún èèyàn bíi mẹ́rin tí kì í ṣe ẹbí yín. Ẹ má béèrè bóyá ó dáa. Wọ́n á ní ó dáa. Ẹ bi wọ́n ní ohun kan péré: "Níbi tí o kà á dé yìí, kí lo ń dúró láti mọ̀?" Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má gbọ́ ti ẹnì kejì. Bí èsì wọn bá bá ìbéèrè tí ẹ kọ sórí ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mu, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Bí gbogbo wọn bá ń dúró de ohun kan náà, àmọ́ tó yàtọ̀ sí ti ìwé yín, irú ìtàn mìíràn lẹ ń kọ láìmọ̀, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló tọ́ sí yín. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sì ń dúró de ohun tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má tíì kọ orí kẹrin. Ẹ tún ojú ewé kìn-ín-ní kọ, kí ẹ tún wá èèyàn mẹ́rin mìíràn tí kò tíì kà á rí.